Ìyá Ìyàwó Ọ̀gá àti Kòkòrò Alámì Funfun

Iṣẹ́ Akàkòkòrò nílé ìwádìí kò ju kó máa ka àwọn kòkòrò ajewé kéékèèké inú àpótí dígí lọ. Wọn ò ju hóró ìrẹsì lọ, wọn ò sì mọ̀ ọ́n dúró sójú kan. Ìdí nìyẹn tó fi ń kán ọ̀dà funfun bíńtín sẹ́yìn èyí tó bá ti kà, kó má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀kan tó ti kùn lọ́dà bẹ́ jáde, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sọ̀rọ̀. Òfin ibẹ̀ sì ni pé ẹni tí kòkòrò bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́, ilé yá. Akàkòkòrò bá panu mọ́.

Àfi bí Ọ̀gá ṣe já wọlé lọ́jọ́rú, ìgò kékeré lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń fò sókè bí ọmọdé.

"Mo ti rí i o! Ẹ̀yìnkùlé wa níbí ni! Irú kòkòrò yìí ò sí nínú ìwé kankan! Wo àmì funfun lẹ́yìn rẹ̀!"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àmì yẹn..."

"Dákẹ́, jẹ́ n gbádùn ara mi! Orúkọ ìyá ìyàwó mi ni mo máa sọ ọ́. Ọdún méjìlá ni mo ti fẹ́ ọmọ wọn, wọn ò fojú èèyàn wò mí rí. Wọ́n ń bọ̀ wá wò ó lọ́sàn-án yìí. Tó bá dọ̀la, màá kọ̀wé sáwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri ayé."

Yéè! Bí Akàkòkòrò bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ bọ́. Bó bá dákẹ́, gbogbo ayé á fi ọ̀gá rẹ̀ ṣẹlẹ́yà.

Ìyá dé lóòótọ́. Bí Ọ̀gá ṣe sáré lọ gbé kámẹ́rà, Ìyá fojú lé awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó wo kòkòrò náà títí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kun nǹkan yìí lọ́dà?"

Akàkòkòrò kúnlẹ̀ gbì. "Èmi ni, mà. Ẹ ṣàánú mi." Ó rò ó tán, kò fi nǹkan kan pamọ́.

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá dìde, ó ṣí fèrèsé, ó ṣí ìgò, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, fùú! Kòkòrò di àwátì.

"Ẹ gbà mí o!" Akàkòkòrò figbe ta. "Bí kò bá sí kòkòrò lọ́wọ́ Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó máa gba ìwé wọn gbọ́!"

"Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Èmi nìkan ni mo láṣẹ láti fi ọkọ ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ayé ò gbọdọ̀ bá mi pín in."

Ọ̀gá wọlé, ó bá ìgò òfìfo.

"Èmi ni o," Ìyá ní. "Mo ṣí i, ó sì fò lọ. Ó yá, bínú sí mi."

Ọ̀gá gbé kámẹ́rà sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Kòkòrò lásán ni, Mọ́mì. Ẹ má da ara yín láàmú."

Ojú ti Ìyá, Akàkòkòrò rí i kedere.

"Wá jókòó tì mí, ọmọ mi," ló sọ fún Ọ̀gá.

Ọ̀gá wẹ̀yìn wò, ó ń wá ẹni tí wọ́n ń bá wí.