Òpó Idẹ Ṣìkẹ́mi

Omi ta lu Kọ́lájọ lójú bí ọkọ̀ ojú omi náà ṣe fò sókè, ṣùgbọ́n kò nù ún. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí gìtá tó fi ọ̀rá dúdú wé ní ìlọ́po mẹ́ta, tó gbé lé itan bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní èbúté Igbókòdá ni ìyá kan tó jókòó tì í ti ń wò ó.

"Ọmọ ta ni ọ́ ní Òde Mahin?" ìyá náà bi í.

"Ọmọ Fẹ̀hìntọlá ni mí, mà. Fẹ̀hìntọlá tó ń tún rédíò ṣe."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n Ṣìkẹ́mi nìyẹn." Ìyá náà kọjú sí omi, kò sì bá a sọ nǹkan kan mọ́ títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Kọ́lájọ mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ náà ń sọ. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí òkú bàbá wọn kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá nílẹ̀, ó gbé àpótí irinṣẹ́ bàbá náà jáde ní ìdájí, ó tà á ní Igbókòdá, ó fi ra gìtá, ó sì wọ ọkọ̀ Èkó. Ìyá wọn ti kú ṣáájú. Ṣìkẹ́mi nìkan ni àbúrò tó ní, òun ló sì ti ń jókòó ti bàbá láti ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó ń wo ọwọ́ rẹ̀, tó ń kọ́ iṣẹ́. Ọmọ náà jí lọ́jọ́ yẹn, ó bá tábìlì lásán. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ti Kọ́lájọ yàtọ̀. Òun tó ṣu kò gbàgbé rí. Ojú ni kò jẹ́ kó lè padà wálé.

Oṣù tó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà wá ká a mọ́. Ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ń ṣeré ní Àkúrẹ́ nígbà tí Khalid, tí wọ́n jọ ń ta gìtá, gbé pẹ́dà tuntun kan dé, àpótí irin kékeré tí olórin máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn gìtá lè há, kó sì ràn bí iná ọyẹ́. Fọ́ọ̀sì ni àwọn olórin ń pè é. Kọ́lájọ ti gbọ́ ti òyìnbó, ó ti gbọ́ ti Ṣáínà, ṣùgbọ́n èyí ń sọ̀rọ̀. Bí èèyàn bá rọra ta okùn, á kùn bí arúgbó tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ó bá ta á kíkankíkan, á bú bí òkun. Kọ́lájọ tú ìdérí rẹ̀ láti wo inú, ó sì rí ohun tí wọ́n fi nǹkan ṣóńṣó kọ sí abẹ́ rẹ̀: Ṣìkẹ́mi, Òde Mahin.

"Mò ń lọ ra tèmi," ni ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tó sọ nìyẹn.

Ilé bàbá wọn ṣì dúró lórí òpó lójú omi. Kọ́lájọ gba orí afárá pákó, ó yọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ṣìkẹ́mi jókòó nídìí tábìlì, èéfín léèdì, irin rírọ̀ tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀, ń gba iwájú imú rẹ̀ lọ sókè. Ó gbójú sókè, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì tún wo ibi tó ń jó títí léèdì náà fi dì.

"Ẹ káàbọ̀," ni ó wí. "Ẹ jókòó."

Kì í ṣe èdè Ìlàjẹ tí wọ́n jọ sọ dàgbà ni ó fi kí i. Yorùbá ilé ìwé ni, èyí tó máa ń fi bá àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ epo sọ̀rọ̀.

"Ṣìkẹ́mi, mo… mo wá ra pẹ́dà ni."

"Mélòó?"

"Ẹyọ kan."

"Ẹ máa rí i gbà lónìí. Èyí tí mò ń ṣe lọ́wọ́ yìí kò ní pẹ́ tán."

Kọ́lájọ jókòó, ó ń wò ó. Pátákó dúdú kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ wà níwájú Ṣìkẹ́mi. Ó ti lu ihò sí i ní ọ̀wọ́ méjì, ó ti kan òpó idẹ tín-ín-rín mọ́ ihò kọ̀ọ̀kan, òpó tí kò ga ju hóró ìrẹsì lọ. Á mú ẹsẹ̀ ẹ̀yà ẹ̀rọ kan, á we é mọ́ òpó ní ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀, á gé èyí tó ṣẹ́kù, á fi irin gbígbóná kàn án, léèdì á sì yọ́ yí i ká, á máa dán bí ojú ẹja tútù. Kò kánjú. Wáyà kan kò gun orí èkejì. Bí Kọ́lájọ ṣe ń wò ó, ó rí ìlú wọn bí ó ṣe máa ń rí láti ojú omi: òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ilé lórí òpó, afárá láti ilé dé ilé. Kò mọ ìgbà tí ó rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan já wọlé. Ọpẹ́fólúwa ni, tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Zion Pepe.

"Ẹnjiníà mi!" ó kígbe. "Ọkọ̀ wa dojú dé lánàá. Pẹ́dà mi ti mu omi iyọ̀ yó." Ó gbé pẹ́dà tirẹ̀ lé tábìlì.

Ṣìkẹ́mi tú ìdérí rẹ̀, ó bu omi òjò, ó ṣan inú rẹ̀ bí ẹni ń ṣan abọ́. Ó fi aṣọ fẹ́lẹ́ nù ún, ó sá a sójú oòrùn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé e sún mọ́ ojú. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ni ìpẹtà ti mú lẹ́sẹ̀. Ó yọ́ ọ kúrò lórí òpó rẹ̀, ó fi tuntun rọ́pò, kò fọwọ́ kan ìkejì. Nígbà tó fi bátìrì sí i, tó so ó mọ́ sípíkà, tó sì fi ìka kan ẹnu wáyà rẹ̀, pẹ́dà náà bú ramúramù, Ọpẹ́fólúwa sì pàtẹ́wọ́.

"Ti ilé iṣẹ́ ńlá," Ṣìkẹ́mi ní, kò wo ẹnikẹ́ni, "bàbà tó fẹ́lẹ́ bí ìwé ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ pátákó. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ wa á jẹ ẹ́ tán kí ọdún tó yí po. Tèmi, ohun tó bá bàjẹ́, ojú á rí i, ọwọ́ á tó o."

Ọpẹ́fólúwa yíjú sí Kọ́lájọ. "Ẹ gbọ́ bí? Ṣé ẹ mọ ohun tí ọmọ yìí fi bẹ̀rẹ̀? Ọ̀pá irin lásán! Á tì í bọ inú èédú, á pọ́n, á fi jó wáyà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, aláìnítìjú kan báyìí, ni ó kó gbogbo irinṣẹ́ bàbá wọn…"

"Bọ̀dá Ọpẹ́," Ṣìkẹ́mi já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, "bátìrì tí ẹ ń lò kò dára. Ẹ ra òmíràn bí ẹ bá ń kọjá."

"Àlejò ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀…"

Kọ́lájọ rí i pé àbúrò òun ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún òun. Ó lè gba ibẹ̀ jáde láìsọ ẹni tí òun jẹ́. Ó dìde.

"Èmi ni," ó wí. "Èmi ni ẹ̀gbọ́n náà, sà."

Ọpẹ́fólúwa gbé pẹ́dà rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ṣìkẹ́mi, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Omi ń lu òpó nísàlẹ̀. Nígbà tó yá, Ṣìkẹ́mi fa agolo kan jáde, ó da àwọn táránsítọ̀ inú rẹ̀ sórí tábìlì, nǹkan dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta.

"Ẹ tú gìtá yín. Méjì nínú ìwọ̀nyí ló máa gbé ohùn pẹ́dà náà. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò dọ́gba. Ẹ máa ta á, kí n máa yẹ̀ wọ́n wò."

Kọ́lájọ so gìtá mọ́ pẹ́dà tó wà lórí tábìlì, ó ta okùn kan. Ṣìkẹ́mi mi orí, ó yọ ọ̀kan, ó fi òmíràn sí i. Ó tún ta á. Ṣìkẹ́mi tún mi orí. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé kan, ó bọ́ sí èkejì, wọn kò sì sinmi. Lórí ìkẹtàlá, Kọ́lájọ ní, "Èyí dára."

"Kò tíì sọ̀rọ̀," Ṣìkẹ́mi dáhùn.

Ó pààrọ̀ rẹ̀. Kọ́lájọ ta okùn náà, irun ara rẹ̀ sì dìde. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi gìtá jẹun. Èyí tí kò gbọ́ rí ni àbúrò rẹ̀ ti gbọ́ kí ó tó dún. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn.

"Ṣìkẹ́mi, nípa irinṣẹ́ bàbá…"

Ṣìkẹ́mi fi irin gbígbóná náà sí àyè rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, èdè ilé ni ó bọ́ sí.

"Irinṣẹ́ kọ́ ló dùn mí. Irin ni wọ́n. Mo sunkún wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tán. Ọjọ́ tí pẹ́dà àkọ́kọ́ tí mo ṣe dún, mo sáré bọ́ sórí afárá, ó wà lọ́wọ́ mi. Bàbá ti kú. Ìwọ kò sí. Kò sí ẹni tí mo lè pè pé kó wá gbọ́ ọ."

Láti Àkúrẹ́ ni Kọ́lájọ ti ń to ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ó pa gbogbo rẹ̀ tì.

"Ó ṣì wà?" ó béèrè.

"Kí ni?"

"Èyí àkọ́kọ́ náà."

Ṣìkẹ́mi gun àpótí, ó na ọwọ́ sókè àjà, ó sọ nǹkan kan kalẹ̀ tó fi àkísà wé. Agolo mílíìkì ni ara rẹ̀. Irin agboòrùn ni ó gé ṣe òpó inú rẹ̀, wọ́n wọ́, léèdì ṣù lé wọn lórí gbúdugbùdu bí ẹ̀kọ tó ta kókó. Kọ́lájọ so gìtá mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta orin kan. Agolo náà kọ́kọ́ hó bí epo tó gbóná. Ó wúkọ́. Lẹ́yìn náà, ohùn kan jáde, ó là, ó rọ, ó tún gbéra.

Kọ́lájọ gbójú sókè kó lè sọ nǹkan kan, bóyá kó gbóríyìn fún un. Ṣìkẹ́mi kò wo agolo náà. Ó ká ọwọ́ lé itan, ó tẹ̀ síwájú, ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ń wò, bí ẹni tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, tó ń dúró de òkèlè àkọ́kọ́. Ó wá yé Kọ́lájọ pé ọjọ́ tí àbúrò òun ń sọ yẹn, ilẹ̀ rẹ̀ kò tíì ṣú, ó ṣì ń dúró de ẹni tó máa wá gbọ́ ọ.

Ó tẹ orí ba. Ó tún un ta láti ìbẹ̀rẹ̀, ó rọra ń ta á, kí ó má baà sí ibì kan nínú rẹ̀ tí etí òun fò.