Gbọ̀ngàn Tó Ń Dá Ìlù Padà

Èmi ni mò ń lu ìlù ńlá nínú báǹdì ìlú wa, lọ́nà Òmù-Àrán níbí. Nígbà tí owó epo ń ya wọ̀lú, àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó ra fèrè idẹ fún wa, wọ́n tún kọ́ gbọ̀ngàn tí a ó máa ti ṣeré. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, mo lu ìlù, ògiri ẹ̀yìn sì dá a padà, àfi bí ẹni pé báǹdì mìíràn wà níta. Sàláwù ọ̀gá wa, afọnfèrè, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Kò pẹ́, ògiri yẹn là. Ìgbà yẹn la rí i pé amọ̀ ni, sìmẹ́ǹtì kàn bò ó lójú ni. Owó ti wọ́n nílùú. Ta ni yóò tún un ṣe? Wọ́n ní kí n má lu ìlù níbẹ̀ mọ́, kí ìró rẹ̀ má baà wó ògiri. Lẹ́yìn náà, wọ́n dá àwọn fèrè ńlá dúró. Àwọn tó ń fọn wọ́n gba oko lọ. Ó ku Sàláwù, tó ń fọn tirẹ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, ó ránṣẹ́ pè mí.

"Adéoyè, mo fẹ́ gbọ́ ọ kí n tó lọ. Nínú gbọ̀ngàn."

"Bàbá, ògiri ńkọ́?"

"Ṣé ògiri ló ń ṣàìsàn ni, àbí èmi?"

Mo gbé ìlù lọ, wọ́n sì fọwọ́ mú òun náà wá jókòó. Mò ń wo ògiri, mò ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo lù ú... jẹ́jẹ́. Eruku dà sórí fìlà rẹ̀. Mo dáwọ́ dúró.

"Ṣé ìlù ńlá náà nìyẹn?"

"Òun náà ni, Bàbá."

"Ògiri kò dá a padà." Ó gbọn fìlà rẹ̀. "Ẹ̀rù tìẹ yìí ń dún ju ìlù lọ. Ó dáa. Bó bá di ọjọ́ mìíràn."

A sin ín kí òjò tó dé.

Òjò wá dé. Lọ́sàn-án gangan, tí ẹnikẹ́ni kò lu nǹkan kan, ògiri náà wó. Jàrátù, ọmọ Sàláwù, ló wá sọ fún mi. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti lọ."

Mo gbé ìlù, a jọ lọ. Mo dúró lórí amọ̀ tútù, mo lù ú bí bàbá rẹ̀ ṣe fẹ́, pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Àwa méjèèjì tẹ́tí sílẹ̀. Ìró náà gba orí oko kọjá, kò padà.