Àtàǹpàkò Ọládòṣù

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn rere. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọlé; ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún, fún un lọ́mú. Ìtàn tí mo gbé dání yìí ní iná nínú, ó ní orin nínú, ó sì ní ẹja. Ebi ò ní pa yín.

Jọkẹ́ ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ẹja tútù ló ń tà ní Ajégúnlẹ̀, lójú ọ̀nà tó já sí Olódì-Apapa. Ọkọ rẹ̀, Ọládòṣù, ni oníná tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Háà, ọkùnrin yẹn mọ iná! Ó ti fa wáyà sí ilé ìkẹ́rùsí ní èbúté Tín-Káànù, ó ti fà á sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti fà á sí mọ́ṣáláṣí, kò sì sí èyí tó jóná nínú wọn. Bó bá ń ṣiṣẹ́, Jọkẹ́ a dúró tì í, a máa wò ó bí ẹni ń wo oníjó.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà òjò tí iná ti gbé e lulẹ̀ lórí àkàbà ní Ìjọra, Ọládòṣù ò fọwọ́ kan wáyà mọ́. Àpótí irinṣẹ́ wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí wọ́n bá wá pè é síṣẹ́, á ní ẹ̀yìn ń dun òun. Jọkẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yìn. Ọkàn ni.

Àárọ̀ ọjọ́ tí Omoefe, ayálégbé yàrá kejì, fẹ́ sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, ni sọ́kẹ́ẹ̀tì fíríísà Jọkẹ́ rú èéfín fìì, ó sì yọ́. Ẹja kóòtẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi se ọbẹ̀ àlejò kún inú fíríísà náà dẹ́nu.

Omoefe gbé ọmọ jòjòló yọ lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Ayọ̀, abẹ́ẹ̀gì, ẹja yẹn ò ní bàjẹ́ ṣá? Mo ti pe gbogbo ayé o!"

"Ilé oníná ni ẹja á ti wá bàjẹ́?" Jọkẹ́ yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ayọ̀, ẹ dìde."

"Pe Ṣàfíù."

"Ṣàfíù tí ẹ kọ́ níṣẹ́? Ó ti wà ní Tín-Káànù láti ìdájí, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ̀yin ni mo fẹ́. Kì í ṣe torí ẹja nìkan. Mo fẹ́ rí ọkọ mi tó máa ń kọrin fún wáyà. Bí ẹ ò bá dìde lónìí, ẹ ò ní dìde mọ́."

Ọládòṣù wò ó, wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa àpótí jáde.

Ó pa iná ní kọ́táòtù tó ń gé iná ilé, ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jóná kúrò lára ògiri. Wáyà dúdú méjì yọrí jáde, wọ́n jọra bí ìbejì. Ẹni tó fa iná sílé náà láyé ọjọ́un ò ro ti àwọ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló lò. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ni láìfù tí iná ń gbà wọlé, apààyàn ni. Èkejì ni nítírà tí iná ń gbà padà lọ. Ojú lásán ò lè dá wọn mọ̀.

Tẹ́sítà ló lè dá wọn mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n yìn ín díẹ̀! Ó rí bíi súkúrúdíráfà, ara rẹ̀ mọ́ gaara, gílóòbù kan tí kò ju ata wẹ́wẹ́ lọ wà níkùn rẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá kan láìfù, tí àtàǹpàkò yín sì wà lórí irin ìdí rẹ̀, iná bín-ín-tín á gba ara yín kọjá lọ sílẹ̀. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára, torí ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń dí iná lọ́nà. Gílóòbù á sì lajú, pupa yòò! Bó bá kan nítírà, á dijú ni tirẹ̀. Ara èèyàn ni tẹ́sítà fi ń ríran.

Ọládòṣù tan iná padà láti dán wọn wò. Ó rántí àkàbà Ìjọra. Ó mú àkísà tó nípọn, ó fi wé tẹ́sítà láti ìdí dé ìbàdí, ó wá na ẹnu rẹ̀ sí wáyà kìíní. Òkùnkùn. Wáyà kejì. Òkùnkùn.

"Kò sí iná nínú méjèèjì," ó ní, ó mí kanlẹ̀. "Wáyà ti já nínú ògiri." Ó ju tẹ́sítà tàkísàtàkísà sílẹ̀, ó na ọwọ́ lásán sí wáyà kejì.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Jọkẹ́ ké tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ Omoefe fi ta gìrì.

"Kí ló tún dé?"

"Ẹ ò tíì kọrin."

"Ìyá Ayọ̀, ṣé orin ló kù báyìí?"

"Orin ló kù! Látọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín, n ò rí i kí ẹ dán wáyà wò láìkọrin."

Ó pàtẹ́wọ́, ó gbé orin náà fúnra rẹ̀. Ọládòṣù ló dá a sílẹ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ibi tí Jọkẹ́ ti ń ha ìpẹ́ ẹja ló ti há a sórí:

*Kọ́kọ́ kí èyí tó o mọ̀,*
*kó o tó kí àjèjì.*
*Àtàǹpàkò, gun irin, gun irin ìdí tẹ́sítà.*
*Èyí tó bá lajú, bẹ̀rù rẹ̀;*
*èyí tó bá dijú, má tíì gbà á gbọ́,*
*padà lọ kí èyí tó o mọ̀.*

Nígbà tó dé ibi àtàǹpàkò, Ọládòṣù fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn wéré. Ó wo àkísà. Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀.

"Mo fi àkísà wé irin ìdí rẹ̀," ó ní jẹ́ẹ́. "Mo di tẹ́sítà lójú, mo wá ń bi í pé kí ló rí."

"Bàbá Ayọ̀! Ẹ bẹ̀rù ejò, ẹ wá fọ́ fìtílà!"

Ẹ̀rín bú lẹ́nu ọkùnrin náà, ẹ̀rín tí Jọkẹ́ ti ń wá láti ìgbà òjò. Ó tú àkísà dànù. Ó wọ yàrá Omoefe, níbi tí fáànù ti ń yí, ó ti ẹnu tẹ́sítà bọ ojú ihò láìfù ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, èyí tó mọ̀ pé iná wà nínú rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò gun irin. Gílóòbù lajú. Ó padà síbi wáyà dúdú méjì, ó ń kun orin lábẹ́lẹ̀. Wáyà kìíní dijú. Wáyà kejì, èyí tó fẹ́ fi ọwọ́ lásán mú, lajú rokoṣo!

"Hẹ̀ẹ́, láìfù rèé o!" ni Jọkẹ́ figbe ta, ó ń jó.

"Má tíì jó," ni Ọládòṣù wí. "Orin ò tíì parí." Ó tún lọ sí yàrá Omoefe, tẹ́sítà tún lajú, kò purọ́. Ó lẹ téèpù pupa mọ́ láìfù. Ó pa iná, ó tún dán an wò, ó ti dijú. Ó wá de sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun tó mú nínú àpótí, láìfù ní ojú ihò tirẹ̀, nítírà ní tirẹ̀. Nígbà tó tan iná, fíríísà hùn bí ológbò tó yó.

Nírọ̀lẹ́, Omoefe fi ẹja náà se bàǹgá, ọbẹ̀ ẹyìn ilẹ̀ wọn, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n jẹ, wọ́n tún bù. Àwọn ọmọdé ń na àtàǹpàkò sókè, wọ́n ń kọ "gun irin, gun irin". Aládùúgbò kan ní sọ́kẹ́ẹ̀tì òun náà ń rú èéfín. Ọládòṣù ní òun ń bọ̀ lọ́la, kò sọ ti ẹ̀yìn dídùn. Àpótí rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, kò wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́, gbogbo àlejò sì ń fo orí rẹ̀ kọjá bí wọ́n ti ń relé, ikùn wọn kún, orin lẹ́nu wọn.