Ínǹṣì Mẹ́ta

Ẹ má bi mí bí káfíńtà kan ṣe lè ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún láìfi pẹ́ńsù há etí. Orí ni Má-kọ-ọ́ fi ń ṣírò. Bó bá na téèpù sára ògiri oníbàárà, á wo iye rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á dijú díẹ̀, ó parí. Bí àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù bá nawọ́ sí pẹ́ńsù, á ní, "Má kọ ọ́, gbé e sórí." Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe àbúrò ní tirẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá wọn ló kọ́ Má-kọ-ọ́ ní ìṣirò orí nígbà tó wà ní kékeré. Bàbá ní òpópónà kan ni gbogbo nọ́ńbà ń gbé, tí ilé wọn tò lọ bẹẹrẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀tàdínlógún nílé, kó kọ́kọ́ lọ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ogún, kó wá fi ilé mẹ́ta rìn padà sẹ́yìn. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí ló dé tí èèyàn ò kúkú dúró lọ́nà. Bàbá ní bí àwọn àgbà ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn: ẹ kọ́kọ́ fún èèyàn ju ohun tó tọ́ sí i lọ, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ díẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí Má-kọ-ọ́ bá sun oorun ọ̀sán lórí bẹ́ǹṣì, òpópónà yẹn ló máa ń rìn. Ó mọ ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ogójì ní fèrèsé ńlá méjì. Ẹ̀tàdínláàádọ́ta máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, àfi kéèyàn kàn án dáadáa. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún kan, kùrukùru ti ń bo òpópónà náà. Á dé iwájú ilé tó ti wọ̀ láìmọye ìgbà, kò ní mọ̀ bóyá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé ni àbí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹ̀rù ń bà á. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun kan ṣoṣo tí kùrukùru ò bò ni ínǹṣì mẹ́ta.

Kí bàbá wọn tó kú, ó fi pákó pupa kan sílẹ̀, fífẹ̀, líle, ẹsẹ̀ bàtà méje géérégé, kí àkọ́bí rẹ̀ fi ṣe ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló gé e kúrú ní ínǹṣì mẹ́ta. Ó ti pé ọdún méjìlá. Pákó tó gùn jù ṣeé gé, èyí tó kúrú kò ṣeé fà. Káfíńtà wo ni ò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Jẹ́jẹ́ bẹ̀bẹ̀ títí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun ti dárí jì í. Irọ́ ni, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó dárí jini kì í fi pákó ẹ̀ṣẹ̀ ti ògiri lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà tó bá wọlé á béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi pákó dáadáa yìí ṣe, Má-kọ-ọ́ á rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, Jẹ́jẹ́ á sì tẹrí ba, á máa wá ìṣó tí kò sọnù. Ìyá wọn máa ń sọ pé bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré. Má-kọ-ọ́ á fèsì pé orí pípé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, lẹ́tà kan wà nínú àpò ẹ̀wù Jẹ́jẹ́. Ilé iṣẹ́ ńlá kan lódìkejì odò ló ń pè é wá ṣiṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ èsì kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ajé ló fi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Bó bá jẹ́ pé inú yín á máa bàjẹ́ bẹ́ ẹ bá ti rí mi, ẹ jẹ́ n máa lọ." Má-kọ-ọ́ dá lẹ́tà náà padà fún un, ó sì mú ayùn rẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kó lọ o. Kò tiẹ̀ fẹ́ ro ṣọ́ọ̀bù náà láìsí ohùn ayùn kejì, àmọ́ ìgbéraga ò jẹ́ kó la ẹnu.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, kọ́bọ́ọ̀dù ìwé olùkọ́ obìnrin kan ló wà nílẹ̀. Ó fẹ̀ ní ínǹṣì mẹ́rìndínlógójì láti ìta dé ìta, pákó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì nípọn ní ínǹṣì kọ̀ọ̀kan. Yọ méjì kúrò, ó ku mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Bí pákó àárín tí wọ́n ń to ìwé lé ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó nìyẹn. Ọmọ iléèwé á mọ̀ ọ́n. Má-kọ-ọ́ dijú, ó gé pákó àárín tó kẹ́yìn, ó jẹun, ó sùn.

Oorun náà fẹ́lẹ́. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, ìyẹ̀fun pákó ń léfòó nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí kò ní ibì kan tó ń lọ. Má-kọ-ọ́ la ojú díẹ̀, ó rí Jẹ́jẹ́ tó na téèpù sí pákó tí òun gé. Jẹ́jẹ́ mi orí. Ó fa pákó tuntun, ó ń fa ayùn bí ẹni tí ò fẹ́ jí ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ó gun àpótí, ó ti pákó tí Má-kọ-ọ́ gé sókè àjà, ó sì jáde lọ pọn omi. Má-kọ-ọ́ rò pé àlá ni.

Ó dìde, òun náà gun àpótí. Pákó mẹ́sàn-án ló wà lókè àjà, eruku ti bo àwọn ti ìsàlẹ̀. Ó wọn ti òní: ínǹṣì méjìlélọ́gbọ̀n. Ó wá yé e. Ó ti yọ ínǹṣì méjì, ó gbàgbé pé òun ti yọ ọ́, ó tún yọ méjì míì. Ó dá àwọn yòókù mọ̀: ti dókítà eyín, ti tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé, ti iléèwé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrú ní ínǹṣì méjì. Láti ọdún kan, kò sí oníbàárà tó ráhùn, bẹ́ẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ ò fi ọjọ́ kan ṣoṣo sọ ọ́ lójú rẹ̀.

Ó jókòó sórí àpótí náà, ó ń ṣírò, torí kò mọ nǹkan míì tó lè ṣe. Méjì lọ́nà mẹ́sàn-án. Ó ní láti rìn dé ọ̀dọ̀ ogún kó tó fi ilé méjì padà: méjìdínlógún. Ó yọ ínǹṣì mẹ́ta ti Jẹ́jẹ́ kúrò, ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tirẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀. Ojú tì í, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Olùkọ́ dé nírọ̀lẹ́. Ó yẹ kọ́bọ́ọ̀dù wò, ó yìn wọ́n, ojú rẹ̀ wá bá pákó pupa. Ó béèrè ohun tó ṣe é tí ẹnikẹ́ni ò fi í ṣe nǹkan. Jẹ́jẹ́ ti tẹrí ba, ó ti ń wá ìṣó.

Má-kọ-ọ́ dijú bó ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀ta wà lójú òpópónà náà kedere. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé.

"Wọ́n gé e kúrú díẹ̀ láyé ọjọ́un," ló wí. "Mo ti gbàgbé ẹni tó gé e. Orí àgbà ni."

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ti ń gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì òun, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Jẹ́jẹ́ ò wá ìṣó mọ́. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo òkè àjà, níbi tí àwọn pákó ò ti tò mọ́ bí òun ṣe tò wọ́n.

Má-kọ-ọ́ na téèpù sí i. "Wọn pákó bàbá wa wò, ká fi ṣe àga gbọọrọ tí àwa méjèèjì á máa jókòó sí. Kó o sì kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kí n kọ ọ́?"

"Kọ ọ́. Láti òní lọ, ohun tí orí mi bá jù sílẹ̀, ìwọ ni mo fẹ́ kó o máa bá mi ṣà á."

Jẹ́jẹ́ fa pẹ́ńsù kan yọ láti inú fìlà rẹ̀. Ó ti kúrú bí ìka ọmọdé, ta ló sì mọ ọdún tó ti ń gbé ibẹ̀. Ó wá bébà kiri ṣọ́ọ̀bù, kò rí. Ó mú lẹ́tà jáde nínú àpò, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì, ó na téèpù, ó kọ ọ́ síbẹ̀.

"Mélòó ni?"

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ínǹṣì mẹ́sàn-án."

"Ó tó," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.