Ẹni Tí Ìyàwó Ń Pè Ní Ọkọ

Télọ̀ tí à ń wí yìí ní irun mẹ́ta lágbọ̀n, àràárọ̀ ló sì ń fà wọ́n tu kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọdún keje rèé tó ti wà nílé ọkọ, kò tíì lóyún rí. Nǹkan oṣù rẹ̀ náà, ìgbà tó bá wù ú ló ń wá, bí àlejò tí kò nítìjú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, dókítà ṣàlàyé fún un pé họ́mọ̀nù akọ ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ìbejì ni télọ̀ àti ọkùnrin kan, ó ní àwọn onímọ̀ kan rò pé irú họ́mọ̀nù bẹ́ẹ̀ lè ti ara ọkùnrin wọ ara ọmọbìnrin láti inú ìyá wọn. Dókítà ṣì ń sọ̀rọ̀, àmọ́ bí ìyókù ṣe ń wọ télọ̀ létí, kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ìkejì òun tí wọ́n jọ bí àwọn! Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ lóyún kí ọdún ìgbéyàwó wọn tó yí po! Bó ṣe ń padà sí ṣọ́ọ̀bù, owú ń ta á lára bí ata.

Ọ̀sán ni ìyàwó ọkùnrin náà wọlé, ikùn níwájú, òun lẹ́yìn.

“Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ wá wọ̀n mí jàre, gbogbo aṣọ ló ti fún mọ́ mi.”

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe ẹbí ọkọ rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ta ló ń ka ìyẹn sí? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ọ̀rọ̀ náà gún télọ̀ dé egungun.

“Ta lọkọ ẹ? Irùngbọ̀n mi lo rí tó o fi ń pè mí lọ́kọ?”

“Irùngbọ̀n kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni mo ṣe?”

“Lọ bi ọkọ ẹ! Inú kan náà la jọ wà. Òun ló sọ mí di akọ kí wọ́n tó bí wa, òun náà ló tún fẹ́ di bàbá ọmọ!”

Ó wá tú gbogbo ọ̀rọ̀ dókítà sílẹ̀, àyàfi èyí tí kò fẹ́ gbọ́. Ìyàwó wá àga jókòó. Kò bínú, ẹ̀rù ló bà á.

“Wọ́n yàwòrán inú mi láàárọ̀ yìí,” ó ní. “Méjì ni. Ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ṣé bó ṣe máa rí fún ọmọ mi nìyẹn?”

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: inú télọ̀ dùn. Ẹlòmíràn náà ń bẹ̀rù wàyí, ó sì dùn mọ́ ọn lára. Kó ṣáà fi ìyókù ọ̀rọ̀ dókítà pamọ́, ó parí. Kò ní parọ́ kankan. Àmọ́ ìyàwó fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn, ọmọbìnrin inú ibẹ̀ ò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

“Rárá,” ó ní. “Wọn ò tíì fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Dókítà ní ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n bí ní ìbejì pẹ̀lú ọkùnrin ni kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Ẹni tí kì í ṣe ìbejì náà ń ní irú tèmi. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á.”

Ìyàwó mí kanlẹ̀, ó nu ojú. Télọ̀ ní tirẹ̀ mú okùn ìwọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi dá ìkejì rẹ̀ láre. Owú ṣì wà nínú rẹ̀ digbí, ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù ni kò rí mọ́.