Ọwọ́ Bàbá Sàlíhù Lórí Ìwọ̀n

Nígbà tí ẹjọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta dé, Rasheedah gbà pé olè ti wà nínú ìsọ̀ ìyá òun.

Kàdíját tó ń ṣe ògì ní Ṣàngó ló gbé ẹjọ́ náà wá. Ó ní 48.9 ni pátákó tó wà lára ìwọ̀n kọ, àmọ́ nígbà tí òun gbé àpò àgbàdo délé tí òun tún un wọ̀n, kìló méjìdínláàádọ́ta péré ni. Ohun kan náà ni oníbàárà méjì ti sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Alhaja Hàlímọ̀tù, ìyá Rasheedah, bu àgbàdo kún ti Kàdíját, ó bẹ̀ ẹ́, ó sì bá a ṣàwàdà. Bí obìnrin náà ṣe yísẹ̀ padà báyìí, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Alhaja. Láti ọjọ́ tó ti ń ta ọkà ní Ipata, ẹnikẹ́ni kò pe ìwọ̀n rẹ̀ níjà rí.

Èèyàn méjì péré ló ń wọn ọjà nínú ìsọ̀ náà: Alhaja fúnra rẹ̀, àti Bàbá Sàlíhù, ẹni ọgọ́ta ọdún tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí Rasheedah. Oníbàárà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ Bàbá Sàlíhù ni wọ́n ti ra ọjà.

Rasheedah kò tilẹ̀ ronú kan pátákó. Báwo ni yóò ṣe ronú kàn án? Òun ló ṣe é. Ó kàwé ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Challenge, oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló sì so pátákó oníná náà mọ́ ìwọ̀n ìyá rẹ̀, kí oníbàárà lè máa rí nọ́ńbà láti òkèèrè. Bọ́tìnnì pupa kan wà níbẹ̀. Bí ẹni tó ń wọn ọjà bá tẹ̀ ẹ́, pátákó á di nọ́ńbà mú títí wọn á fi gbé àpò kúrò. "Ẹ̀rọ kì í purọ́," ni Rasheedah máa ń wí, "èèyàn ló ń purọ́." Ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ!

Ìfura loògùn àgbà, lóòótọ́, àmọ́ Rasheedah gbé ìgò oògùn náà, ó mu ún tán. Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó sẹ́yìn àpò ẹ̀wà, ó ń ṣe bí ẹni tó ń tẹ fóònù. Bí Bàbá Sàlíhù bá wúkọ́, àmì ló ń fún ẹnì kan. Bó bá fa ṣòkòtò sókè, ó fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ ìwọ̀n ni. Bó bá kí oníbàárà pẹ́, ó fẹ́ fọ̀rọ̀ dí i lójú ni. Ọkùnrin náà kò ṣe nǹkan tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀, àmọ́ ojú tí Rasheedah fi ń wò ó ti yàtọ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n kírun Súhùrì ọ̀sán, ó rí i. Ọwọ́ òsì Bàbá Sàlíhù wà lórí bọ́tìnnì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí àpò, àwọn méjèèjì sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Alhaja kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Alhaja máa ń káwọ́ kúrò lára àpò pátápátá kó tó tẹ bọ́tìnnì. Rasheedah gbójú sókè wo pátákó: 48.9.

"Mo ti mú ọ!" Ó fò dìde. "Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀! Ẹ wò ó!"

Ó ń fi "ìwọ" pe ọkùnrin tó lè bí i lọ́mọ.

"Èènì ni mò ń bù," ni Bàbá Sàlíhù wí. "Mo ti wọn ọjà tán, mo tẹ bọ́tìnnì, mo wá bu èènì sí i pẹ̀lú bísímílà. Ẹ̀bùn ni èènì. Kò sí nínú ìwọ̀n."

"Èènì wo ló ń jẹ́ kí ọjà dín? Olè!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn èèyàn ti pé lé wọn lórí. Alhaja gbé àpò kúrò, ó tún un gbé lé ìwọ̀n, ó káwọ́ kúrò, ó tẹ bọ́tìnnì: 48.0. Ó kọjú sí Bàbá Sàlíhù.

"Sàlíhù, ṣé o lè di Kùránì mú lórí ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ẹ̀yin náà, Alhaja?"

Ó gbọn èérí àgbàdo kúrò lára fìlà rẹ̀, ó dé e, ó sì bọ́ sí ọ̀nà. Àwọn tó dúró ní bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, kò ní sá fún Kùránì. Rasheedah gbà pẹ̀lú wọn.

Àmọ́ ọjà kò dákẹ́. Àwọn kan ń sọ pé Alhaja ló rán an. Ìyẹn ló mú kí Rasheedah gbé ìwọ̀n àti pátákó lọ sí Challenge lọ́jọ́ Alámìsì, kí ó lè ya fídíò bí olè náà ṣe ń ṣe é. Ó gbé àpò tó jẹ́ 47.9 lé e. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo sí i, ó sì tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan náà. 48.0. Ó tún un ṣe, kò sí nǹkan kan. Ó ṣe é títí apá fi ń ro ó, àfi lójijì tí pátákó kọ 48.9.

Inú rẹ̀ dùn fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ló bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun ṣe gan-an. Kò fẹsẹ̀ tẹ ìwọ̀n, kò fa àpò, èènì lásán ló bù. Ó tún un ṣe. Nígbà tó yá, pátákó kọ 47.0, bẹ́ẹ̀ kìló méjìdínláàádọ́ta ló wà nínú àpò.

Olè wo ló ń jalè tó tún ń fi kún ẹrù oníbàárà? Àwọn tó ti gba 47.0 pọ̀ ní Ipata, àmọ́ ta ni yóò wá fẹjọ́ sùn pé wọ́n fún òun lọ́jà jù? Wọ́n ti pè é ní àlùbáríkà, wọ́n ti pa ẹnu mọ́.

Rasheedah tú ìwọ̀n àti pátákó wò. Aago kan tó ń darí kíkọ nọ́ńbà wà nínú ìwọ̀n, òmíràn wà nínú pátákó, kálukú sì ń lọ ní ìrìn tirẹ̀: ti ìwọ̀n ń rọra lọ, ti pátákó ń sáré. Bí nọ́ńbà bá dúró jẹ́ẹ́, kò séwu. Àmọ́ bí 47.9 bá ń yí sí 48.0 gan-an nígbà tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì, pátákó lè mú 8 tuntun mọ́ 9 àtijọ́, tàbí 7 àtijọ́ mọ́ òdo tuntun. Ó dà bí ẹni tó já wàláà gbà lọ́wọ́ ọmọ kéú tó ṣì ń kọ ọ́ lọ́wọ́: ìlà kan jẹ́ ti òní, ìlà kejì jẹ́ ti àná. Ọwọ́ tó ń bu èènì nìkan ni àṣìṣe náà lè yọ sí.

Wọ́n ti kọ́ Rasheedah ní àtúnṣe rẹ̀ ní ilé ìwé. Ìwọ̀n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé òun ti kọ tán, pátákó á kà á, á sì fèsì pé òun ti gbà á, kí ìwọ̀n tó lè kọ òmíràn. Wáyà méjì ni iṣẹ́ náà gbà. Rasheedah mọ̀, àmọ́ ó kánjú, ó ní kò lè ṣẹlẹ̀. Ojú tì í débi pé ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì sunkún.

Ó so wáyà méjèèjì, ó dán an wò nígbà ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn náà ló wọkọ̀ lọ sí abúlé Bàbá Sàlíhù. Ó bá a lábẹ́ igi máńgòrò níbi tó ti ń tú okùn ewúrẹ́. Ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ẹ̀bi ara rẹ̀ pa mọ́.

"Ṣé o ti tún un ṣe?" ni bàbá náà béèrè.

"Mo ti tún un ṣe, Bàbá. Kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ forí jì mí, ẹ padà wá. Èmi fúnra mi máa dúró láàrin Ipata, màá sọ fún gbogbo wọn pé èmi ni mo jẹ̀bi."

Bàbá Sàlíhù tú okùn náà títí ó fi tán. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló ba Rasheedah lẹ́rù.

"Ẹ̀rọ yẹn, mo ti forí jì í," ni ó wí. "Oṣù mẹ́ta péré ló lò lọ́dọ̀ wa, kò mọ̀ mí. Àmọ́ ọwọ́ yìí ni mo fi dì ọ́ mú nígbà tí o ń kọ́ ìrìn láàrin àpò ọkà. Rasheedah, báwo ló ṣe jẹ́ pé ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn, kí wáyà tó wá?"

Rasheedah wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀.