Ẹ̀gbẹ́ Tí Egbò Wà

Ó fi ẹsẹ̀ tẹ irin ìjánu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ibùsùn náà. Kò dún. Ó tún un tẹ̀, ó gbọ́ "kà!", ó sì mí kanlẹ̀. Ìgbàgbé irin yẹn ló já a kulẹ̀ nínú ìdánwò oṣù tó kọjá. Ibùsùn ilé rẹ̀ kò ní táyà. Ta ni yóò rántí láti de ohun tí kì í rìn mọ́lẹ̀?

Òní ni ìdánwò kejì. Kò sí ẹ̀kẹta.

Alágbàfọ̀ ni gbogbo kíláàsì ń pè é, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn kí àwọn ẹlẹ́rọ ìfọṣọ tó dé sí òpópónà wọn, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ sì yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù mẹ́ta ló ti fi ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn níhìn-ín, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ní iṣẹ́ mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá yege, ilé ìwòsàn á gbà á síṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Tí òun kò bá yege, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ rẹ̀ á wá mú ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí lọ. Ọkùnrin náà kò fi ìjà sọ ọ́. "Ìyàwó wa," ó ní, "ọmọ ò lè máa jẹ ìrètí." Kò sì purọ́.

Rédíò ló nà gbalaja sórí ibùsùn. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ ni, aṣọ́bodè tẹ́lẹ̀ rí. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ibẹ̀ sì ni orúkọ náà ti wá. Òun ló kàn láti ṣe aláìsàn lónìí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un: kò lè gbápá, kò lè gbẹ́sẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n lẹ pílásítà pupa mọ́ ìbàdí ọ̀tún rẹ̀, lórí ṣòkòtò, kí ó dúró fún egbò.

"Ẹ wò ó, wọ́n ti yọ bátìrì Rédíò!" ni ẹnìkan wí láàárín àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rín sọ.

"Ẹ má yọ ọ́ tán o," ni Rédíò fèsì. "Mo ṣì fẹ́ gbọ́ ìròyìn."

"Aláìsàn, ẹ dákẹ́." Nọ́ọ̀sì àgbà ló sọ̀rọ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán wọn wò, tí kì í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìdánwò. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Egbò wà ní ìbàdí ọ̀tún. Ẹ pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, kí ẹ sì jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó yá."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Mo fẹ́ yí yín padà." Alágbàfọ̀ fi ọwọ́ kan sí èjìká Rédíò, ó fi ìkejì sí ìbàdí. Ara ọkùnrin náà wúwo, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọláńgidi ni wọ́n fi ń kọ́ wọn láti ọjọ́ yìí. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò tíì gbé ara alààyè báyìí rí. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró dè é mọ́. Ó yí ọkùnrin náà, ó ki ìrọ̀rí sẹ́yìn rẹ̀, ó fa aṣọ tó dọ̀tí yọ, ó tẹ́ tuntun, wẹ́rẹ́ báyìí. Ó sún sẹ́yìn láti wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Pílásítà pupa dà?

Ó ti wà lábẹ́. Ẹ̀gbẹ́ egbò gan-an ló fi tẹ́ ẹ.

Nọ́ọ̀sì àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ń buwọ́ lu ìwé kan tí akọ̀wé gbé wá. Rédíò la ojú kan.

"Ẹ tètè yí mi padà," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Kò rí i. Èmi náà ò sì lè sọ̀rọ̀, àbí mo lè sọ ọ́ ni?"

Ó yí i padà. Ó tún aṣọ tẹ́. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì àgbà fi máa kọjú sí wọn, pílásítà ti wà lókè, ó ń wo àjà. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ọmọ rẹ̀ á máa bá a gbé. Ó parí.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Irú àrùn rọpárọsẹ̀ yìí kan náà ló mú ọkọ rẹ̀ dákẹ́ fún ọdún kan gbáko kó tó kú. Òsì ni egbò tirẹ̀ wà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó ṣèèṣì fi ẹ̀gbẹ́ òsì yẹn tẹ́ ẹ, ó sì jáde lọ sá aṣọ oníbàárà. Ìgbà tó wọlé, ìrọ̀rí ti tutù rinrin fún omijé. Ọkùnrin náà kàn ń wò ó ni. Láti ọjọ́ náà, ọ̀tún ni ọwọ́ rẹ̀ ń yí i sí. Ọ̀tún, ọ̀tún, kódà bó ń tòògbé.

"Mà." Alágbàfọ̀ kọjú sí Nọ́ọ̀sì àgbà. "Ẹ̀gbẹ́ tí egbò wà ni mo kọ́kọ́ yí i sí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni."

Rédíò mí bí ẹni tí wọ́n gbá níkùn.

Nọ́ọ̀sì àgbà gbé bírò sókè. "Mi ò rí yín."

"Mo mọ̀, mà."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń sọ ọ́?"

Ó wo Rédíò, tó ti di ojú rẹ̀ pinpin. "Òun ò lè sọ ọ́, mà."

Bírò náà kọ nǹkan, ó pẹ́ kó tó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Mo yọ máàkì níbẹ̀, mi ò ní tàn yín," ni Nọ́ọ̀sì àgbà wí níkẹyìn. "Ó sì pọ̀. Àádọ́rin là ń wá." Ó ṣí ìwé, ó tún un kà. "Méjìléláàádọ́rin lẹ ní. Ọjọ́ Ajé, aago méje àárọ̀, wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀."

Rédíò fò dìde. "Rọpárọsẹ̀ ti lọ o! Alágbàfọ̀, èmi ni wọ́n ń pè ní Rédíò, ẹnu yín ló fẹ́ pa wá!"

Wọ́n jáde. Ó ku Alágbàfọ̀ nìkan, nítorí ẹni tó bá ṣe tán ló ń tún ibùsùn tẹ́ fún ẹni tó kàn. Ó na aṣọ náà títí kò fi hunjọ mọ́. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé e, ọwọ́ tí ọṣẹ ti họ, ó ń wò wọ́n. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀. Gbogbo ẹbí ló wà níbẹ̀. Òun náà bá wọn kọrin dé ìparí. Àṣé kò sẹ́ni tó sọ fún ọwọ́ rẹ̀ pé ọkùnrin náà ti lọ.

Ó fi ẹsẹ̀ gbé irin táyà náà sókè. Ó fi ìka méjì ti ibùsùn náà pẹ̀lẹ́. Táyà rẹ̀ yí lọ, kò dún rárá.